Àlejò Òwúrọ̀ Létí Adágún

Ní gbogbo òwúrọ̀, bí a bá ti jẹun tán, ìyàwó mi á dìde, á wọ kóòtù rẹ̀, á gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, á sì sọ fún mi pé òun ń lọ sílé ìwé.

"Àwọn ọmọ ti tò sórí ìlà," á wí. "Ta ni yóò gbàdúrà fún wọn?"

Ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìbàdàn ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ṣe ọ̀gá wà. Àwa wà ní Chestermere, lẹ́bàá Calgary, nínú ilé ọmọ wa obìnrin. Basement ni wọ́n fún wa, yàrá ìsàlẹ̀ ilé tó mọ́lẹ̀ kedere. Ilẹ̀kùn gíláàsì rẹ̀ ṣí sórí dẹ́ẹ̀kì, pèpéle onípákó kan, dẹ́ẹ̀kì ṣí sórí koríko, koríko sì parí sétí adágún. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, àwọn èèyàn wa tó wá kí wa máa ń dúró níbi gíláàsì yẹn, wọ́n á ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn tì!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ní òdìkejì adágún, ilé gígùn kan wà tó ní òrùlé pupa bíi páànù tó ti dípẹtà, òpó àsíá sì wà níwájú rẹ̀. Títí dòní, n kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìyàwó mi mọ̀. Ilé ìwé rẹ̀ ni.

Nígbà òtútù, ọ̀rọ̀ náà kò nira. Adágún dì gbagidi. Àwọn ọmọdé ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí rẹ̀, àwọn àgbà òyìnbó ń lu ihò sí i, wọ́n ń jókòó ti ihò náà bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà. Torí náà, bí Tíṣà bá ti dìde, èmi náà á dìde. Tíṣà ni mo ń pè é látìgbà tí mo ti ń wá ojú rere rẹ̀. A ó di ọwọ́ ara wa mú, a ó sì rìn kọjá lórí yìnyín. Bí a bá dé òdìkejì, á wo ilé náà, á wo ilẹ̀kùn tó wà ní títì, á mí kanlẹ̀.

"Wọ́n ti gba họlidé," á wí. "Ẹ jẹ́ ká padà, Dádì."

A ó padà sílé, á mu tíì, á sùn. Dókítà ní ìrìn náà dára fún un. Ọmọ wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan nínú Calgary, ní kò sí oògùn kankan tó ṣiṣẹ́ tó ìrìn yẹn.

Lẹ́yìn náà ni spring dé.

Kì í ṣe spring inú káàdì o. Koríko ṣì pupa, igi ṣì wà níhòòhò. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan ló wà níbí tó máa ń já wá láti orí àwọn òkè tó wà ní ìwọ̀ oòrùn, Chinook ni wọ́n ń pè é. Lánàá etí rẹ fẹ́ já. Lónìí òrùlé gbogbo ń kán tó-tó-tó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan báyìí, bí èmi àti Tíṣà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí dẹ́ẹ̀kì, aládùúgbò wa ké sí wa. Baba òyìnbó kan ni, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ó sì ti gbé létí omi yìí kí àwọn ilé ńlá tó dé. Ó na ìka sí adágún.

"That ice is done, my friend," ó wí. "It's rotten."

Ó ní kí n wo àwọ̀ rẹ̀. Funfun ló ti wà tẹ́lẹ̀. Ó ti ń di eérú, ibòmíràn ti dúdú. Ó ní bí yìnyín bá ti rí báyìí, ojú lásán ló kù. Aláìmọ̀ á rò pé ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n omi ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ará ìlú gbé pátákó dúró sétí omi pé kí ẹnikẹ́ni má gun yìnyín mọ́.

Mo ka pátákó náà fún Tíṣà sókè. Ó gbọ́, ó mi orí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Kí àwọn ọmọ má lọ ṣeré níbẹ̀." Ó sì tún báàgì rẹ̀ gbé kọ́ apá, ó gba ẹ̀gbẹ́ pátákó náà kọjá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á padà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ wa bá mi sọ̀rọ̀ ní kíṣìnì, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. "Daddy, ẹ gbọ́ mi dáadáa. From tomorrow, Mummy ò gbọdọ̀ kọjá dẹ́ẹ̀kì. Yìnyín yẹn, if somebody goes under it, wọn ò ní rí i fà jáde."

Kí ọkọ ọmọ wa tó padà sí ibi iṣẹ́ epo lókè àríwá, ó kan ìdè kan mọ́ orí ilẹ̀kùn gíláàsì, níbi tí ojú Tíṣà kò ní tètè dé. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó tún un tì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a.

"Ta ló tì mí mọ́lé? Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti jí mi gbé! Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ gbà mí!"

Ọmọ ọmọ wa, tó wà ní ọdún kejì ilé ìwé, ti sọ̀ kalẹ̀ dé àárín àtẹ̀gùn pẹ̀lú báàgì oúnjẹ rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. "Grandpa," ó wí, "is Grandma in jail?"

Mo ní kó padà sókè. Gbogbo oríkèé ìka ìyàwó mi ti wú kó tó rẹ̀ ẹ́.

Dókítà fún un ní oògùn tó máa mú un wálẹ̀. Ó mú un wálẹ̀ lóòótọ́, ó ṣubú ní balùwẹ̀. A dá oògùn náà dúró. A wá àyè sí ibì kan tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú àgbà ní ojúmọmọ. Wọ́n ní ká máa retí. Mo di ilẹ̀kùn mú, mo fi aga dí i, mo fi ara mi dí i. Mo ní ká rìn lójú títì dípò orí yìnyín. Ó bá mi dé igun, ó rí adágún láàárín ilé méjì, ó sì yà síbẹ̀. Mo gbé e wọ mọ́tò pé mò ń gbé e lọ sílé ìwé. Ó ní, "Dádì, ẹ ti ṣì ọ̀nà. Ọ̀nà kọ́ nìyí." Ohùn tó fi ń sọ ọ́ ni ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ tó parọ́ sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi ayé mi ṣe. Mo ti dúró de èsì ìbò lójú òjò rí, mo ti dúró níwájú ilé tó wó, pẹ̀lú àwọn ẹbí tó ń retí kí wọ́n gbé ènìyàn wọn jáde. Kò sí èyí tí mo retí bí mo ṣe ń retí ìyọ́ adágún yẹn. Láfẹ̀mọ́júmọ́, mo ti wà níbi gíláàsì. Bí òtútù bá padà, àwọn etí tó ti yọ́ á tún dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, snow tuntun á bò ó, gbogbo rẹ̀ á sì funfun bíi ti oṣù kìn-ín-ní. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló burú jù. Tíṣà á wò ó, inú rẹ̀ á dùn: "Ẹ wò ó, ọ̀nà ti dára."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé iṣu wá fún wa. Bó ṣe ń tẹ agogo ẹnu ọ̀nà lókè, Tíṣà ń gbá gíláàsì nísàlẹ̀. Agogo dún. Ọwọ́ Tíṣà dúró sí afẹ́fẹ́.

Ó bọ́ kóòtù. Ó fi ọwọ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà fi máa sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, Tíṣà ti wà lórí eékún rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ jókòó, sà. Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn lómi."

"Ìyàwó," ni ẹ̀gbọ́n wí, "ṣé omi nìkan la ó mu?"

"Kí ẹ kọ́kọ́ fi tẹ́ ọ̀nà ọ̀fun ná, sà. Ẹni tó gbé iṣu wá, ṣebí òun náà ló máa jẹ níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ìgò ojú rẹ̀ fi yọ̀. Ó jókòó. Tíṣà bi í léèrè ilé, ó bi í léèrè ọmọ, ó bi í léèrè ọ̀nà tó gbà wá. Kò wẹ̀yìn wo adágún lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó di ọ̀sán, oorun rẹ̀ dé, ó sùn sórí aga. Ẹ̀gbọ́n fara balẹ̀ dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

"Àbúrò, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń wá nìyẹn. Àlejò ni. Obìnrin tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í fi àlejò sílẹ̀ jáde."

Ọmọ wa kọ ọ́ sórí WhatsApp àwọn èèyàn wa lọ́jọ́ náà: "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe oúnjẹ la fẹ́ o. Ẹ kàn wá jókòó ti Mummy láàárọ̀ títí oorun á fi gbé wọn. Just till the ice melts."

Wọ́n wá. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú wá tààrà láti ọsibítù, ojú wọn pupa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti ilé wá gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì wa. Tíṣà wò ó, ó yí sí mi, ó ní, "Ọmọ yìí ò gbójú sókè kúrò nínú ìwé. Á yege." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Mummy, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá mi." Ìgbà tí àlejò bá wà nílẹ̀ yìí nìkan ni mo máa ń rí àyè wẹ̀, tí mo máa ń rí àyè gé irùngbọ̀n. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹni tó rí àyè wá, ìjàkadì ni, èmi àti obìnrin tí n kò na rí láyé mi, ní ẹnu ilẹ̀kùn, títí a ó fi máa mí hẹlẹ-hẹlẹ.

Ọmọbìnrin tó wá lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, nọ́ọ̀sì ni. Taradale, ní Calgary, ló ń gbé, nínú basement, òun àti ọmọ rẹ̀ kékeré. Ó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ó gbé ọmọ sí daycare, ó wa mọ́tò wá bá wa. Mo fi òun àti Tíṣà sílẹ̀ pẹ̀lú tíì, mo lọ wẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wà ní balùwẹ̀, òun ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ẹkún. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe sọ ọ́.

"Daddy, daycare ló pè mí. Wọ́n ní ara ọmọ mi ń gbóná, pé kí n wá gbé e now-now. Mo kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ẹ ò gbọ́, omi ń dún. Mo wá rò pé mi ò lè ṣáà dìde kí n máa lọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, 'Mummy, mo ń lọ o.' Wọ́n ní, 'Kò burú, ẹ jẹ́ n sìn yín sọ́nà.' Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Wọ́n ní, 'Ìyọnu kẹ̀? Ta ló bí mi tí n kò ní sin àlejò?' Daddy, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀ wọ́n. Ṣé mo wá lè ti Mummy sẹ́yìn ni? Wọ́n di ọwọ́ mi mú dé ìdí mọ́tò. Wọ́n ní kí n kí ilé. Mo wo mirror, mo rí wọn, wọ́n ń juwọ́ sí mi. Mo rò pé wọ́n á wọlé."

Mi ò bá a wí. Ẹni tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ àwa, ohun tí yóò ṣe náà nìyẹn. Àṣà kan náà tó ń dì í mú sílé ló ṣílẹ̀kùn fún un, nítorí ẹni tó gba àlejò gbọ́dọ̀ sin àlejò, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó rò ó débẹ̀. Gbogbo ìdè wa, ẹ̀yìn ilé ló wà. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló bá jáde, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ẹ̀rín.

Nígbà tí mo jáde ní balùwẹ̀, ilé dákẹ́. Ife tíì méjì wà lórí tábìlì, ọ̀kan ṣì ń rú èéfín. Mo pè é. Mo gun òkè, mo pè é. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo wo gíláàsì.

Ó ti wà lórí yìnyín. Ó ti rìn kọjá ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi máa ń dúró sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò wọ kóòtù. Búláòsì aláwọ̀ ewé tó fi gba àlejò ló wà lọ́rùn rẹ̀, sálúbàtà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe ṣí ìdè yẹn. Mo ti dé orí koríko kí n tó mọ̀ pé n kò wọ bàtà. Aládùúgbò wa wà ní etí omi tirẹ̀, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń sọ àdírẹ́sì ilé wa fún àwọn panápaná. Nígbà tó rí mi, ó ju ọwọ́ sókè.

"Don't! Stay there! You'll both go in!"

Mo gbọ́ ọ. Mo gun yìnyín. Etí rẹ̀ fọ́ lábẹ́ mi bí awo, omi sì gbà mí dé ìdí. Òtútù yẹn kì í ṣe òtútù, iná ni. Ohùn mi lọ. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ di ẹsẹ̀ mi mú, mo sì ń fi ọwọ́ fọ́ yìnyín níwájú mi, bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ la ọ̀nà dé òdìkejì.

"Tíṣà!" Nígbà tí ohùn padà, ìyẹn ni mo pè. "Tíṣà, ẹ padà! Ẹ padà o!"

Ó gbọ́. Ó yíjú. Ó juwọ́ sí mi bó ṣe juwọ́ sí ọmọbìnrin yẹn, ó sì ń lọ.

"Yìnyín yẹn ò dáa! Ẹ máa rì!"

Kò dúró. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún. Mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà, bí igi gbígbẹ. Mo ṣèlérí, mo bẹ̀bẹ̀, mo pe àwọn ọmọ wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní wọ́n ti gba họlidé. Ó ní, ohùn rẹ̀ tínrín lórí yìnyín, "Èmi ni ọ̀gá. Wọn kì í gba họlidé kí n má mọ̀."

Kò sí ohun tó kù lẹ́nu mi mọ́. Bí ọ̀rọ̀ tó kàn ṣe jáde, n kò lè sọ. Mo pariwo pé:

"A ní àlejò o!"

Ó dúró.

"Àwọn wo?"

"Wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá! Wọ́n ti jókòó! Mi ò tíì fún wọn lómi!"

"Háà!" Ó fi ọwọ́ lé orí. "Dádì! Ẹ fi àlejò sílẹ̀ láìfún un lómi?"

Ó yí padà. Ojú ọ̀nà tó gbà lọ ló fẹ́ gbà bọ̀, tààrà síbi tí mo ti fọ́ yìnyín. Aládùúgbò wa ti gbé àkàbà irin jáde, ó ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí yìnyín lábẹ́ òjìji ilé rẹ̀.

"My side!" ó ń ké sí mi. "Bring her round to my side! It's thicker in the shade!"

"Ọ̀dọ̀ bàbá òyìnbó ni wọ́n wà!" ni mo pariwo. "Ẹ gba ọ̀dọ̀ bàbá òyìnbó!"

Ó yà. Ó ń yára, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì ń bínú sí mi bó ṣe ń bọ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀: pé wọ́n á ní kò sí obìnrin nínú ilé yìí, pé kí n ṣáà ti fún wọn ní aga. Yìnyín dún gbì lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, ìlà dúdú kan sì sá gba àárín adágún kọjá. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Nígbà tó tẹ àkàbà, baba náà wà lórí eékún rẹ̀, ó na ọwọ́, ó gbá a mú lápá, ó sì fà á wá sórí koríko. Ìgbà yẹn ni àwọn panápaná sáré yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, nínú aṣọ pupa wọn. Àwọn ló fa èmi jáde.

Wọ́n gbé àwa méjèèjì wọlé, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé wa. Tíṣà kò jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń gbé omi kiri. Ó gbé e fún aládùúgbò wa, ó fi eékún kan kanlẹ̀. Ó gbé e fún àwọn panápaná. Ọ̀kan nínú wọn ní, "You should sit down, dear." Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Young man," ó wí, "in this house, it is the visitor who sits down." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó, pẹ̀lú bàtà ńlá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló dé ọ̀dọ̀ mi. Ó gbé omi dání. Ó wo ojú mi, ó wo aṣọ mi tó ń kán.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ó wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé òjò ló pa yín báyìí?"

Mo gba omi. Mo ní, "Tíṣà, èmi ni."

"Ẹ ṣé, sà. Baálé ilé ò sí nílé. Oníròyìn ni wọ́n, wọ́n ti jáde, ṣùgbọ́n wọn ò ní pẹ́ dé. Ẹ jẹ́ n bá yín wá aṣọ wọn kan wọ̀. Wọn kì í fẹ́ kí èèyàn wọ aṣọ wọn o, àmọ́ tiyín yìí, ọ̀ràn ni."

Ó wọ yàrá wa, ó mú bùbá àti ṣòkòtò mi wá. Mo wọ̀ wọ́n. Ó ní wọ́n bá mi mu.

Mo rò pé ìbẹ̀rù ọjọ́ yẹn ló fà á, pé bí ilẹ̀ bá mọ́, á lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pè mí ní Dádì, ó sì fún mi ní búrẹ́dì mi. Lẹ́yìn oúnjẹ ó dìde, ó wá kóòtù. Kò sí àlejò lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin Taradale wà nílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní òun kò lè dìde, ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo rántí omi tó gbé fún mi. Mo gun òkè, mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, mo tì í lẹ́yìn mi, mo sì tẹ agogo.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ṣílẹ̀kùn. Ó ti bọ́ kóòtù.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ó wí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ wọlé. Ẹ kú ọ̀nà."

Bí mo ṣe di àlejò nìyẹn. Nígbà tí ọmọ wa gbọ́, ó gbé orí lé tábìlì kíṣìnì. "Daddy, this is too much. Ẹ ò lè máa ṣe èyí lójoojúmọ́." Mo bi í pé kí ni ká ṣe.

Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é. Mo máa ń jókòó sí aga àlejò, kì í ṣe aga mi. Mò ń gbọ́ ohun tí ọkọ kì í gbọ́. Ó ní ọkọ òun máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè títí èèyàn á fi sọ ohun tí kò fẹ́ sọ. Ó ní nígbà tó ń fẹ́ òun, ó máa ń wá dúró sẹ́yìn kíláàsì bí alábẹ̀wò ìjọba, gbogbo ọmọ á sì dìde kí i. "Mo ní kí wọ́n lọ," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "wọ́n ní àwọn ń kọ ìròyìn nípa ṣọ́ọ̀kì." Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo agogo ògiri. "Baálé mi ní àwọn ń bọ̀," ó wí. "Ẹ bá mi dúró dè wọ́n díẹ̀, sà."

Ọjọ́ kan ni n kò lè fara dà á. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Èmi ni ọkọ yín. Mo ti dé." Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan gíláàsì, ó sì ń fi ọwọ́ wá ibi tí ilẹ̀kùn máa ń ti ṣí. "Ọ̀gbẹ́ni," ó wí, "mo ní ọkọ o." Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo ṣe àwàdà ni, kó má bínú, kó bá mi bu omi. Ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n kí àyà rẹ̀ tó balẹ̀. N kò tún dán an wò.

Yìnyín lọ lọ́jọ́ kan tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Láàárọ̀ ó wà; nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti fọ́ tán, ìgbì ń gbá a jọ sétí koríko, ó ń dún bíi gíláàsì tí wọ́n ń kó. Àwọn ẹyẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn bà sórí omi, wọ́n ń pariwo. Ọmọ wa dúró pẹ̀lú mi lórí dẹ́ẹ̀kì, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "It's over, Daddy. Ẹ lè sinmi báyìí." Tíṣà jáde wá bá wa, ó wo omi fún ìgbà pípẹ́.

"Odò ti kún," ó wí. "Àwọn ọmọ ò ní lè wá sílé ìwé."

Torí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò jáde. Mo jókòó sórí aga mi, aga baálé ilé, mo nasẹ̀, mo gbé ìwé ìròyìn. Mo rò pé ó ti tó. Tíṣà palẹ̀ oúnjẹ mọ́. Kò wá kóòtù, kò wo adágún. Ó gbọn aga àlejò, ó gbé ife sórí tábìlì, ó sì fi àwo bò ó. Ó jókòó, ọwọ́ lé itan, ojú sí àtẹ̀gùn. Mo ka ojú ìwé kan, mo tún un kà. Ó dìde, ó gun òkè, ó padà. Ó tún dìde.

"Dádì," ó wí fún mi, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gíláàsì, "àlejò yẹn ò mà tíì dé. Ẹ jẹ́ n lọ wò wọ́n lójú ọ̀nà."

Mo ní kó jókòó, pé mo fẹ́ lọ sí ìta díẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn, mo gba iwájú jáde pẹ̀lú sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀ mi, mo sì tẹ agogo.

Ó ṣílẹ̀kùn kí ọwọ́ mi tó kúrò lára agogo. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

"Ẹ pẹ́ lónìí, sà," ó wí. "Àyà mi ti ń já."

Mo ní kó má bínú, ọ̀nà ló jìn.